Ta Ló Bí “OK”?

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì péré la fẹ́ jókòó tì lónìí.

Ìyá tí kò dé ilé ìwé rí á gbé fóònù sétí, á gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ láti Ìlú Ọba, á ní, “Ókéè, ó ti yé mi.” Ọlọ́kadà tó bá gba iye tí ẹ dá lé e á ní, “Ókéè, ẹ jẹ́ ká lọ.” Kò sẹ́ni tó tún ń rò ó pé Gẹ̀ẹ́sì lòun ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Japan, ní Brazil, ní Rọ́ṣíà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá sì ti gbayì tó báyìí, kálukú ló máa ń fẹ́ jẹ́ baba rẹ̀. Àwọn Gíríìkì ní “ola kala” tiwọn ni, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan dára. Àwọn ará Scotland ní “och aye” ni. Àwọn kan ní Aux Cayes ni, èbúté kan ní Haiti tí ọtí rẹ̀ lórúkọ. Àwọn mìíràn ní akọ̀wé rélùwéè kan tó ń jẹ́ Obadiah Kelly ló máa ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sára ẹrù. Láàárín àwa náà, ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Amẹ́ríkà.

Èrò tèmi rèé, kí n tètè sọ ọ́. Boston ni wọ́n ti bí OK, lọ́dún 1839, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lórí bébà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n kò lè tó láti fi wá àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹrú gbé kọjá òkun, torí pé ẹni tí òfin kò jẹ́ kó kọ́ ìwé kíkọ kò lè fi bébà sílẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà fún ìyẹn, a óò sì débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Boston. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1839, Charles Gordon Greene, olóòtú ìwé ìròyìn Boston Morning Post, ń bá olóòtú kan ní ìlú Providence fa ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ aláwàdà kan wà ní Boston nígbà náà, Anti-Bell-Ringing Society ni wọ́n ń pè é. Ẹni ti Providence ti kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa gba ìlú àwọn kọjá lọ sí New York. Greene ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi Richmond ni wọ́n wọ̀ lọ. Ó wá fi kún un pé bí wọ́n bá gba Providence padà, kí olóòtú náà rí i pé àpótí owó ìdáwó àti gbogbo nǹkan tó kù wà ní “o.k.—all correct”, kí kọ́ọ̀kì ìgò sì máa fò sókè bí ẹ̀ta iná.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Lẹ́tà kékeré méjì ni, àmì ìdánudúró wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Olóòtú kì í túmọ̀ ohun tí òǹkàwé rẹ̀ ti mọ̀. Ìtumọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣì tuntun, kò tíì di ti gbogbo èèyàn.

Ṣé kò yẹ kó jẹ́ “a.c.” ni? Àwọn oníwèé ìròyìn Boston ìgbà náà ní eré kan tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ba sípẹ́lì gbólóhùn kan jẹ́, bí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò jinlẹ̀ ṣe máa kọ ọ́, wọ́n á wá mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. “All right” di “oll wright”, wọ́n kọ ọ́ ní O.W. “No use” di “know yuse”, wọ́n kọ ọ́ ní K.Y. “All correct” náà di “oll korrect”. Bí o.k. ṣe wáyé nìyẹn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn yòókù ti kú, kò sẹ́ni tó ń sọ K.Y. mọ́.

Òṣèlú ló gba OK là. Lọ́dún 1840, Ààrẹ Martin Van Buren ń wá ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kinderhook ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n bí i sí, àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ sì ń pè é ní Old Kinderhook. Wọ́n dá ẹgbẹ́ O.K. sílẹ̀ ní ìlú New York, wọ́n ń fi orúkọ náà pariwo kiri ìgboro: baba Kinderhook nìyí, gbogbo nǹkan sì máa dára. Ẹ mọ̀ pé alátakò kì í sùn. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 1837, ebi ń pa mẹ̀kúnnù, ni ẹgbẹ́ Whig bá gba lẹ́tà méjèèjì mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ohun tó túmọ̀ sí ni “out of kash, out of kredit, out of karacter, out of klothes”: kò lówó, kò sẹ́ni tó lè yá a lówó, kò níwà, kò láṣọ. Wọ́n tún yí i padà di K.O., “kicked out”, ẹni tí wọ́n ta nípàá sóde. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. William Henry Harrison ló wọlé, oṣù kan péré ló sì lò kó tó kú. Van Buren lọ, OK kò lọ.

Àsìkò ìbò yẹn náà ni wọ́n hun irọ́ kan tó ṣì ń jà ràn-ìn títí dòní: pé Andrew Jackson, ààrẹ tó ṣáájú Van Buren, ni kò mọ sípẹ́lì, tó máa ń kọ “oll korrect” sórí ìwé ìjọba. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn àwọn oníwèé ìròyìn lásán ni. Lẹ́yìn ìgbà náà, tẹligíráàfù dé. Iṣẹ́ tí Samuel Morse rán láti Washington sí Baltimore lọ́dún 1844 ló ṣí i, àwọn òṣìṣẹ́ orí wáyà sì ń fi OK dáhùn pé iṣẹ́ ti dé ọwọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ tó kúrú tó báyìí, tó yá lórí wáyà, kò tún lè kú mọ́.

Ẹni tó tú gbogbo èyí síta ni Allen Walker Read, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Columbia University ní New York. Lọ́dún 1963 àti 1964 ló gbé àwọn àròkọ kan jáde tẹ̀lé ara wọn nínú ìwé àtìgbàdégbà American Speech. Rírí ọjọ́ kan nínú ìwé ìròyìn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tó ṣe. Ó tún mú ẹ̀rí àwọn tó kù, ó yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi ara balẹ̀ gbọ́.

Ìwé ilé ẹjọ́ kan wà láti Sumner County ní Tennessee, ti ọdún 1790. Àwọn òpìtàn kan gbé e jáde pé Andrew Jackson, tó jẹ́ agbẹjọ́rò nígbà náà, mú ìwé ẹ̀rí títà kan wá síwájú ilé ẹjọ́, ìwé tí Hugh McGary fi ta ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan fún Gasper Mansker, “which was O.K.” Bó bá jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ọdún 49 ṣáájú ti Boston. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà lọ sídìí ìwé náà gan-an, O.R. ni akọ̀wé ilé ẹjọ́ kọ: “ordered recorded”, àṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ìdí K àti ìdí R jọra lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú kọ̀wé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ ká kúrò lórí ìwé yẹn. Orúkọ ẹni tó tà wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó rà wà níbẹ̀. Orúkọ agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n tà, ọkùnrin dúdú kan lásán ni gbólóhùn náà pè é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jiyàn lórí lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ojú wọn sì ń fo ọkùnrin tó wà láàárín rẹ̀. Inú mi kò dùn sí i nígbàkúùgbà tí mo bá kà á.

Òmíràn ni ìwé ìrìn àjò tí William Richardson kọ lọ́dún 1815, nígbà tó ń ti Boston lọ sí New Orleans. Wọ́n ní OK wà nínú rẹ̀ kedere. Read àti Frederic Cassidy, onímọ̀ èdè bíi tirẹ̀, wá ìwé náà títí wọ́n fi bá a lọ́wọ́ ọmọ ọmọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sọ fọ́tò náà di gbàǹgbà, wọ́n wá rí i pé ohun yòówù kí àmì náà jẹ́, kì í ṣe OK.

Èdè àwọn Choctaw, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, náà lórúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ààrẹ Woodrow Wilson gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, débi pé “okeh” ló máa ń kọ sórí ìwé tó bá fọwọ́ sí. Ààrẹ gbà á gbọ́ o, ṣùgbọ́n kò sí okùn tó so ọ̀rọ̀ Choctaw mọ́ yàrá àwọn oníwèé ìròyìn ní Boston.

Ó wá kan Áfíríkà. David Dalby, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba tó ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló gbé e síta nínú ìwé ìròyìn The Times ti London lọ́dún 1971. Ní èdè Wolof ti Senegal, “waaw” ni bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, wọ́n á ní “waaw kay”. Àwọn Wolof wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀rí mìíràn tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn ni ìwé tí arìnrìn-àjò kan, J. F. D. Smyth, tẹ̀ jáde lọ́dún 1784, níbi tó ti kọ ọ̀rọ̀ ẹrú kan tó wà nínú ọkọ̀ ìpẹja sílẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú “Kay, massa”, ó ń sọ bí ẹja ńlá ṣe fúnra rẹ̀ fò wọnú ọkọ̀ kí oorun tó gbé òun lọ. Àkọsílẹ̀ kan láti Jamaica lọ́dún 1816 náà ní “Oh ki, massa” nínú.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mo sì mọ ìdí tó fi ń wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ jáde láti ẹnu àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè? Ṣùgbọ́n Cassidy tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Jamaica ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1907. Ó gbọ́ èdè ibẹ̀ láti kékeré, ó sì fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè. Lọ́dún 1981 ó dáhùn pé “ki” ti Jamaica, igbe ìyanu ni, bí ìgbà tí àwa bá ní “háà!” Kì í ṣe ìdáhùn ẹni tó ní òun gbà. Bákan náà, OK tí a rí ní Boston wá pẹ̀lú àmì ìdánudúró rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀, láàárín ọ̀wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí O.W. àti K.Y. tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé Senegal ni wọ́n ti wá. Láàárín apẹja ọdún 1784 àti olóòtú ọdún 1839, kò sí afárá.

Bí ìdílé bá ń du oyè, a kì í fi ẹni tí ojú rẹ̀ jọ ti ọba tó wàjà jẹ. A óò ní kó ka baba, kó ka baba baba, títí dé orísun. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ní gúúsù òkun lọ́hùn-ún, ní Australia, èdè kan wà tó ń jẹ́ Mbabaram. Nígbà tí onímọ̀ èdè R. M. W. Dixon bi Albert Bennett, ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ èdè náà kẹ́yìn, ohun tí wọ́n ń pe ajá, ó ní “dog” ni. Dixon rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló yá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èdè tó múlé gbe Mbabaram ń pe ajá ní “gudaga”, ìyípadà ohùn tó sì ti bá àwọn ọ̀rọ̀ Mbabaram yòókù ló bá tiẹ̀ náà, tó fi ṣẹ́kù “dog”. Ohùn jọra, ìtumọ̀ jọra, ìran wọn kò pàdé níbì kankan.

Mo dé ibi tó ká mi lára jù báyìí. Ọ̀nà Read dára fún ọ̀rọ̀ tí oníwèé ìròyìn dá sílẹ̀. Kí ni ká ṣe fún ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ìwé ìròyìn? Lọ́dún 1740, South Carolina ṣe òfin tó fi ọgọ́rùn-ún pọ́n-ún ṣe ìtanràn fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. Bí a bá ní bébà nìkan la máa gbà, a ti dá ẹjọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́bi kí wọ́n tó lanu.

Lorenzo Dow Turner ló fi ọ̀nà kejì hàn wá. Ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i lọ́dún 1890. Lọ́dún 1929 ó ń kọ́ni ní South Carolina, ó gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé e. Gullah ni wọ́n ń sọ, èdè àwọn adúláwọ̀ tó ń gbé erékùṣù àti etíkun South Carolina àti Georgia. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń wí ni pé Gẹ̀ẹ́sì àfọ́kù lásán ni. Lọ́dún 1922, Ambrose Gonzales, oníwèé ìròyìn kan ní South Carolina, kọ ọ́ pé àwọn ẹrú ló gba Gẹ̀ẹ́sì àwọn mẹ̀kúnnù òyìnbó, tí wọ́n sì fi ahọ́n wọn tó wúwo bà á jẹ́. Kò sẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà kan ṣoṣo tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Turner gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wọ erékùṣù lọ. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó gba ìtàn wọn, orin wọn, àdúrà wọn, orúkọ inú ilé wọn. Ó kọjá lọ sí London láti kọ́ èdè Áfíríkà. Ogún ọdún kọjá lórí iṣẹ́ náà kí ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1949. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ àti orúkọ ló tò sínú rẹ̀, ó sọ èdè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, Yorùbá sì wà lára wọn. Irú ẹ̀rí yìí le, torí pé ìtumọ̀, ohùn àti ọ̀nà tí àwọn èèyàn náà gbà kọjá ló jọ jẹ́rìí. Báyìí la ṣe mọ̀ pé “goober”, ẹ̀pà, “nguba” àwọn ará Kóńgò àti Àngólà ni. Pé “okra”, ilá, èdè Ìgbò ló bí i. Pé “buckra”, òyìnbó, “mbakara” àwọn Efik àti Ibibio ni.

Ní Harris Neck ní Georgia, obìnrin kan tó ń jẹ́ Amelia Dawley kọ orin kan fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ìlà márùn-ún péré ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè Mende ni, láti Sierra Leone. Lọ́dún 1997, ọmọ Amelia, Mary Moran, dé abúlé Senehun Ngola ní Sierra Leone, ó bá obìnrin kan níbẹ̀, Bendu Jabati, tó mọ orin náà. Orin ìsìnkú ni. Kò sí ilé ẹjọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá sí ọmọ ló gbé e la òkun àti oko ẹrú já.

Turner kò sì dúró sí Gullah. Lọ́dún 1940 sí 1941 ó wà ní Bahia ní Brazil, ó gba ohùn Martiniano Eliseu do Bonfim sílẹ̀, bàbá àgbà kan tó ti gbé ní Èkó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tó sì gbọ́ Yorùbá. Lọ́dún 1951 ó wá sí Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ó sì gba ìtàn àti òwe Yorùbá sílẹ̀. Inú mi ì bá dùn kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ní ilẹ̀ yìí mọ orúkọ ọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe mọ ti Chomsky, gbajúmọ̀ onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ náà kò tíì tán, ó ti wá kan àwa náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wọlé, “danfo”, “buka”, “okada” àti “tokunbo” wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni “japa” àti “agbero” tẹ̀lé e. Gbólóhùn tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n bá rí lórí bébà ni wọ́n máa fi ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá tọ́jú ni wọ́n máa rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ lọ sídìí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́: Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, Èkó Àkéte ti 1922, Elétí Ọfẹ ti 1923, Akéde Èkó ti 1928. Ẹ wo ìgbà tí “O.K.” kọ́kọ́ wọnú Yorùbá tí wọ́n tẹ̀, bóyá pẹ̀lú àmì ìdánudúró tàbí láìsí i, bóyá olóòtú túmọ̀ rẹ̀ tàbí kò túmọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ojú ewé, ẹ kọ gbólóhùn tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Kí ẹ sì gbé fóònù yín lọ bá awakọ̀ ní Ọ̀shòdì àti ìyá oníbùkà ní Dùgbẹ̀. Ẹ bi wọ́n lẹ́nu ẹni tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ “jápa”, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.